Bí olùdíje kankan kò bá rí ìdajì ìbò: nígbà tí àwọn aṣòfin bá yan gómìnà fún aráàlú

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn aráàlú Vermont, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, jáde lọ dìbò yan igbákejì gómìnà. John Rodgers, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ló léwájú. David Zuckerman, ẹni tó wà lórí àga náà, ló ṣe ipò kejì. Wọ́n ka ìbò tán, gbogbo èèyàn mọ ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù, síbẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó lè pe Rodgers ní igbákejì gómìnà tuntun. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà kóra jọ sí Montpelier, olú ìlú wọn, tí wọ́n sì dìbò tiwọn ní ìkọ̀kọ̀. Rodgers rí ìbò 158, Zuckerman rí 21. Ìgbà yẹn ló tó wọlé.

Ẹgbẹ́ Democrat ló pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ọmọ Republican ni wọ́n gbé sórí àga, tí wọ́n sì fi ẹni tí ẹgbẹ́ tiwọn fà kalẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí òṣèlú ṣe ń lọ yóò béèrè pé kí ló dé. Kò sí òfin tó fipá mú wọn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yan Zuckerman, kò sí ohun tí wọ́n rú.

Ìdajì àti ẹyọ kan

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí nínú ìbò. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé kí ìbò èèyàn ṣáà ti pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ì báà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló fi lé. Èkejì le díẹ̀: olùdíje gbọ́dọ̀ rí ju ìdajì gbogbo ìbò lọ, ìyẹn ni pé kí àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ ju gbogbo àwọn tí kò fẹ́ ẹ lápapọ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn méjì péré ló ń díje, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìgbà tí ẹnì kẹta bá wọlé ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwọ̀nba ìbò tí ẹni yẹn bá mú lè jẹ́ kí àwọn méjì iwájú má dé ìdajì.

Òfin Vermont sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ gómìnà, igbákejì gómìnà tàbí akápò ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ju ìdajì lọ. Bí kò bá sí ẹni tó rí i, ilé aṣòfin méjèèjì, ìyẹn àwọn aṣojú 150 àti àwọn sẹ́nétọ̀ 30, yóò jókòó pọ̀, wọn yóò sì yan ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta tí ìbò wọn pọ̀ jù. Ẹ kíyè sí i: mẹ́ta ni òfin sọ. Kódà ẹni tó gbé ipò kẹta, òfin gbà kí wọ́n yàn án.

Ká gbé e wá sílé kí ó lè yé èèyàn dáadáa. Nínú ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 2018, lẹ́yìn ìbò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹsàn-án, Ademola Adeleke ti PDP ní ìbò 254,698, Gboyega Oyetola ti APC ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. Iyiola Omisore ti SDP gbé ipò kẹta pẹ̀lú ìbò tó lé ní 128,000. Àjọ INEC ní ìbò náà kò tíì parí, torí àwọn ibùdó kan tí wọ́n fagi lé èsì wọn. Wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó méje, Oyetola sì fi ìbò 482 borí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò nígbà náà ni pé nínú Adeleke àti Oyetola, kò sí ẹni tó sún mọ́ ìdajì ìbò rárá. Ká ní òfin Vermont ni Ọ̀ṣun ń lò, àtúndì ìbò ní ibùdó méje kì bá tí já mọ́ nǹkan kan. Àwọn aṣòfin 26 tó wà nílé ìgbìmọ̀ ní Òṣogbo ni ì bá jókòó yan gómìnà láàárín Adeleke, Oyetola àti Omisore. APC ló sì pọ̀ jù nílé ọ̀hún nígbà náà. Kò sẹ́ni tó nílò wòlíì láti mọ bí ọjọ́ yẹn ì bá ṣe parí.

Àṣà ló ń dè wọ́n, kì í ṣe òfin

Kí ló wá dé tí ti Vermont kì í fi í dà bẹ́ẹ̀? Ó ti ju ogún ìgbà lọ tí àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti yan gómìnà látìgbà tí ìpínlẹ̀ náà ti wà. Ọdún 1853 ni wọ́n yan ẹni tó gbé ipò kejì sórí àga gómìnà kẹ́yìn. John Robinson ni wọ́n yàn nígbà náà, wọ́n sì fi Erastus Fairbanks tó léwájú sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n ń gbé wọlé sípò gómìnà, ẹgbẹ́ yòówù kó máa ṣe. Ó ti di àṣà. Ní ti igbákejì gómìnà, wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà náà lọ́dún 1976, nígbà tí John Alden léwájú àmọ́ tí wọ́n yan Garry Buckley.

Ṣùgbọ́n àṣà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já lọ́dún 2014. Peter Shumlin tó ń ṣe gómìnà lọ́wọ́ rí nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún, Scott Milne rí nǹkan bí 45. Ìbò 2,434 ló wà láàárín wọn. Olùdíje ẹgbẹ́ Libertarian kan tó rí bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́ láti dé ìdajì. Milne kọ̀, kò kí Shumlin kú oríire. Ó ní kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan dìbò fún ẹni tó borí ní agbègbè tiẹ̀, pé tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ òun lòun máa wọlé, torí òun ló mókè ní agbègbè tó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Aṣòfin tó bá wọ inú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta níwájú. Ó lè tẹ̀ lé ohun tí gbogbo ìpínlẹ̀ sọ. Ó lè tẹ̀ lé ohun tí àwọn èèyàn agbègbè rẹ̀ sọ, torí àwọn ló rán an níṣẹ́. Ó sì lè tẹ̀ lé ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀, tàbí ká kúkú pè é lórúkọ tó ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Òfin kò sọ èwo ni kó mú. Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò náà tún ti ń wáyé, nítorí náà àwọn tó rán an níṣẹ́ kò lè mọ̀ bóyá ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2015, Shumlin rí ìbò 110, Milne rí 69. Àṣà borí, àmọ́ ìbò 69 yẹn fi hàn pé okùn tó so ó mọ́lẹ̀ kò nípọn tó bí àwọn kan ṣe rò.

Georgia, 1966

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí irú àṣà bẹ́ẹ̀, kó lọ wo Georgia, ìpínlẹ̀ tí Atlanta wà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé lónìí.

Lọ́dún 1966, òfin Georgia náà sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ rí ju ìdajì ìbò lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí àwọn aṣòfin yan ẹnì kan nínú àwọn méjì iwájú. Ẹgbẹ́ Democrat fa Lester Maddox kalẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ni Maddox ní ní Atlanta, Pickrick lorúkọ rẹ̀, ohun tó sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni pé ó kọ̀ láti ta oúnjẹ fún adúláwọ̀. Nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú jáde lọ́dún 1964, tó sì pọn dandan kí ilé oúnjẹ gba gbogbo èèyàn, Maddox fi igi dídì mú àti ìbọn lé àwọn adúláwọ̀ tó wá jẹun kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó yàn láti ti ilé oúnjẹ náà pa dípò kó gbà wọ́n wọlé. Òun lẹni tó fẹ́ jẹ gómìnà.

Ẹgbẹ́ Republican fa Howard Callaway kalẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bo. Òun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, nítorí náà àwọn kan ní àwọn kò lè dìbò fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ aráàlú pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ Ellis Arnall, gómìnà tẹ́lẹ̀ rí, sórí bébà ìdìbò. Arnall ti kópa nínú ìbò abẹ́lé Democrat, Maddox sì ti lù ú níbẹ̀. Ẹni tó ṣe ipò kẹta nínú ìbò abẹ́lé yẹn ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jimmy Carter, tó padà wá di ààrẹ Amẹ́ríkà.

Ìbò tó lé ní 50,000 ni wọ́n fi ọwọ́ kọ fún Arnall. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, Callaway léwájú Maddox pẹ̀lú nǹkan bí ìbò 3,000 nínú ìbò tó tó mílíọ̀nù kan. Àmọ́ kò dé ìdajì. Àwọn tí wọ́n kọ orúkọ Arnall torí kí Maddox má bàa wọlé, àwọn gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà fi ìbò wọn ṣe nìyẹn.

Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní kò bá ẹ̀tọ́ mu kí àwọn aṣòfin gba ìbò lọ́wọ́ aráàlú, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe pín agbègbè àwọn aṣòfin ọ̀hún kò dọ́gba. Ilé ẹjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ gbà pẹ̀lú wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sì yí i padà ní oṣù kejìlá ọdún 1966, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Adájọ́ Hugo Black ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní kò sí ohun kan nínú òfin Amẹ́ríkà tó sọ pé ìpínlẹ̀ kò lè jẹ́ kí àwọn aṣòfin rẹ̀ yan gómìnà. Àwọn mẹ́rin tó ta kò ó ní èrò mìíràn. Wọ́n wò ó pé lẹ́yìn tí a ti pe aráàlú jáde wá dìbò, kò yẹ kí a tún fà á kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 1967, àwọn aṣòfin Georgia dìbò. Democrat ló kún ilé náà fọ́fọ́. Maddox rí 182, Callaway rí 66. Ọkùnrin tó fi igi lé adúláwọ̀ kúrò nílé oúnjẹ di gómìnà ìpínlẹ̀ tí Martin Luther King ń gbé, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù. Georgia ti yí òfin náà padà láti ìgbà náà. Ní báyìí, bí kò bá sí ẹni tó dé ìdajì, aráàlú fúnra wọn ló ń padà lọ dìbò láàárín àwọn méjì iwájú. Irú ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí Raphael Warnock àti Jon Ossoff wọlé sílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà.

Ti Mississippi burú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní Georgia àti Vermont, èèyàn lè sọ pé òfin àtijọ́ lásán ni. Ti Mississippi kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n kọ lọ́dún 1890 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ rí ju ìdajì ìbò lọ, kó sì tún borí ní èyí tó ju ìdajì agbègbè àwọn aṣojú lọ, tí gbogbo wọn jẹ́ 122 lóde òní. Bí kò bá rí méjèèjì, ilé aṣojú ni yóò yan ẹni tó wù wọ́n nínú àwọn méjì iwájú. Ọdún yẹn, adúláwọ̀ pọ̀ ju aláwọ̀ funfun lọ ní Mississippi. Ìdí tí wọ́n fi kọ òfin náà ni pé bí adúláwọ̀ bá tiẹ̀ rí ọ̀nà dìbò, kí ìbò wọn má lè gbé ẹnikẹ́ni wọlé.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀ lọ́dún 1999. Ronnie Musgrove ti Democrat àti Mike Parker ti Republican kò dé ìdajì, ni wọ́n bá tún pín agbègbè sí 61 sí 61, bíi pé ẹnì kan fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ilé aṣojú yan Musgrove ní oṣù kìíní ọdún 2000 pẹ̀lú ìbò 86 sí 36. Musgrove ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí náà ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Lọ́dún 2020 ni aráàlú Mississippi fi ìbò pa òfin náà rẹ́, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn ló sì fọwọ́ sí i. Ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ń lò báyìí. Ó gbà wọ́n ní ọdún 130.

Nàìjíríà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀

Bí ẹ bá pe “twelve two-thirds” létí àgbàlagbà tó mọ nǹkan lọ́dún 1979, ẹ máa jókòó gbọ́ ìtàn pẹ́. Apá tí wọn kì í sábà rántí nínú ìtàn náà ni ti àwọn aṣòfin.

Òfin ìdìbò tí ìjọba ológun ṣe nígbà náà sọ pé ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà. Bí kò bá sí ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n yìí, kì í ṣe aráàlú ni yóò padà sójú ibùdó ìdìbò. Àwọn ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ àti àwọn ọmọ ilé aṣòfin gbogbo ìpínlẹ̀ ni yóò dìbò láàárín olùdíje méjì. Wọ́n sì ti dìbò yan àwọn aṣòfin wọ̀nyí ní oṣù keje, ṣáájú ìbò ààrẹ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ti lè jókòó kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Shehu Shagari ti NPN rí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀, Olóyè Obafemi Awolowo ti UPN rí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún-dín-ọgọ́rùn-ún. Shagari rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano tó yẹ kó jẹ́ ìkẹtàlá, ó rí bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó. Amòfin NPN, Olóyè Richard Akinjide, ọmọ Ìbàdàn, ló wá sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 kì í ṣe 13, pé 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, àti pé ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano ló yẹ kí wọ́n wò. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, Shagari ti rékọjá ààlà. Àjọ Fedeco kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Awolowo pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Atanda Fatayi-Williams sì dá Shagari láre ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án. Adájọ́ Kayode Eso ló dá dúró, tó ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ìjà lórí ìṣirò yìí, ohun tó fà á ni ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá lọ bí 13 bá dúró ní 13. Nínú àga 449 ilé aṣojú-ṣòfin, NPN ní 168, UPN ní 111. Ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù, NPP, PRP àti GNPP, ló ní èyí tó kù. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè dá a ṣe. Awolowo tó gbé ipò kejì lè di ààrẹ bí àwọn ẹgbẹ́ kékeré bá gbè é, Shagari náà sì lè rà wọ́n padà pẹ̀lú ìlérí ipò. Àwọn tó ń gbóríyìn fún ọ̀nà yẹn lónìí nítorí pé ó lè gbé Awolowo wọlé, kí wọ́n rántí pé ọ̀nà kan náà ló gbé Maddox wọlé ní Georgia.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé àwọn aṣòfin lọ́wọ́. Kò sì béèrè pé kí gómìnà dé ìdajì. Ìbò rẹ̀ ṣáà gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, kó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 33, ìyẹn jẹ́ 22. Ẹni tó bá léwájú ṣùgbọ́n tí kò rí 22 náà yóò pàdé olùdíje kan péré nínú ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín ọjọ́ 21. Olùdíje ọ̀hún ni ẹni tó borí ní ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ jù láàárín àwọn yòókù, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ òun ló gbé ipò kejì. Aráàlú náà ni yóò tún tò sórí ìlà.